Igi lo gùn, o ò tíì gègùn: bí a ṣe ń wá ibi tí a ó ti ṣọ́ àgbọ̀nrín ní Georgia

Igi ni mo kọ́kọ́ yàn lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ ọdẹ ní Georgia. Igi páìnì tó nà ṣanṣan ni, kò ní ẹ̀ka nísàlẹ̀, etí pápá ló wà, ibi tí mo gbé mọ́tò sí kò sì jìnnà sí i ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Mo jókòó síbẹ̀ ní Sátidé mẹ́ta léraléra. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, mo gbọ́ “fùú!” lẹ́yìn mi, bí ìgbà tí wọ́n bá tú táyà. Kí n tó yíjú, ìrù funfun ti gòkè, ó ń fì í bí áńkáṣíìfù, ó ti wọgbó lọ. Abo ni, ọmọ méjì sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibi tó dúró sí, ẹsẹ̀ ẹran pọ̀ níbẹ̀ bí ojú ọ̀nà ọjà, kò ju nǹkan bí ogójì yáàdì sí ẹ̀yìn igi mi lọ. Ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn mi lọ láràárọ̀.

Mo ròyìn rẹ̀ fún àbúrò bàbá mi lórí WhatsApp. Ọdẹ ni wọ́n ní apá Òkè-Ògùn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ní, “Kí ló ń jẹ níbẹ̀?” Mo ní mi ò mọ̀. “Níbo ló ń sùn?” Mi ò mọ̀. “Ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ?” Mo ní, “Bàbá, mi ò tiẹ̀ rò ó débẹ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Igi lo gùn,” ni wọ́n wí, “o ò tíì gègùn.”

Bí wọ́n ṣe to ìbéèrè mẹ́ta yẹn ni mo ṣe ń tò wọ́n títí dòní: oúnjẹ, ibùba, afẹ́fẹ́. Igi ló ń kẹ́yìn. Ègùn tí àwọn ọdẹ ilé wa ń so mọ́ orí igi nítòsí ìyeyè tó ń já, òun náà làwọn ará Amẹ́ríkà fi irin ṣe, tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹran ló yàtọ̀. Àgbọ̀nrín ilé wa kì í pa ìwo rẹ̀ dà. Onírù funfun ti Amẹ́ríkà ń ju tirẹ̀ nù lọ́dọọdún, ó sì ń hù òmíràn. Ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jìnnà síra: ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rìn jù, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n láìdáwọ́ dúró.

Agbègbè tí mo mọ̀ ni àárín Georgia, ní gúúsù ìlà-oòrùn Atlanta, níbi tí Oconee National Forest àti Cedar Creek WMA (ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹran ìgbẹ́ àti ọdẹ) wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa bíi ti ilé. Oko igi páìnì ló pọ̀ níbẹ̀, igbó igi óákù sì máa ń gba àárín wọn kọjá lẹ́bàá odò kéékèèké.

Ìwé àti òfin, ká tètè kúrò níbẹ̀

Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1961 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ ọdẹ kí wọ́n tó ta láíṣẹ́ǹsì ọdẹ ti odindi àsìkò fún un ní Georgia. Ní àsìkò ìbọn, aṣọ àwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, tí kò kéré sí ínǹṣì onígun mẹ́rin 500, gbọ́dọ̀ wà lára yín lókè ìbàdí. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹran á rí i. Àwọ̀ ọsàn kì í hàn sí àgbọ̀nrín bó ṣe ń hàn sí wa. Búlúù ló ń rí kedere, nítorí náà ṣòkòtò jíǹsì ni kí ẹ fi sílé.

Àwa tí a dàgbà láàárín ọdẹ tó ń de àtùpà mọ́rí, ká gbàgbé ìyẹn níbí. Fífi iná dẹ àgbọ̀nrín lóru lòdì sófin. Ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ààbọ̀ wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀ ni wọ́n fún wa. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kí ẹ tó tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ ìjọba, ègùn tó ṣeé tú kúrò ni kí ẹ gbé lọ, ẹ má kan ìṣó mọ́ igi. Wọ́n ń tún òfin wò lọ́dọọdún, nítorí náà ìwé òfin ọdún tí ẹ wà nínú rẹ̀ ni kí ẹ kà lórí ìkànnì Georgia DNR, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọdẹ.

Oṣù Kejì ni ìṣọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró di oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó lọ wo igbó. Ó ti pẹ́ jù. Ní oṣù Kejì, ewé ti wọ́, ojú ọ̀nà ẹran hàn gbangba bí ìlà tí wọ́n fi igi fà sílẹ̀, igi tí akọ fi ìwo bó léèpo nígbà òtútù ṣì ń funfun láti òkèèrè. Bí ẹ bá sì lé ẹran kúrò níbi tó sùn, kò sí ohun tó bàjẹ́: ọdẹ ti parí, ó ní oṣù bíi méje láti gbàgbé yín.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ilẹ̀ náà láti òkè lórí fóònù, Google Earth tàbí onX, áàpù àwòrán ilẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń lò. Ibi tí ojú ọ̀nà ẹran á ti há ni kí ẹ máa wá. Mo ń pè é ní ẹnu àrọ, nítorí bí epo ṣe ń gba ẹnu àrọ kọjá sínú ìgò ni ẹran ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó lè jẹ́ ìlà igi tóóró kan tó so igbó méjì pọ̀ láàárín pápá, tàbí ibi tí bèbè odò ti lọ sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ó ga gègèrè níbòmíràn. Bí orí òkè gbọọrọ kan bá tẹ̀ láàárín bíi gàárì ẹṣin, inú gàárì yẹn ni wọ́n máa ń gbà sọdá. Àgbọ̀nrín kì í ṣe wàhálà tí kò pọn dandan. Ẹ fi àmì sí irú ibẹ̀ bíi mẹ́wàá, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ rìn ín. Méje á já sí òfo.

Kí ló ń jẹ?

Láti òpin oṣù Kẹsàn-án, èso igi óákù ni ọba oúnjẹ nínú igbó yìí. Óákù pọ̀ ní irú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ méjì yàtọ̀. Óákù funfun, etí ewé rẹ̀ rí roboto bí orí ìka ọwọ́. Óákù pupa, etí ewé tirẹ̀ ṣe ṣóńṣó, irun tín-ín-rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Èso ti funfun kò korò tó ti pupa, òun ni àgbọ̀nrín ń kọ́kọ́ jẹ tán. Èso ti pupa, wọ́n á padà sí i nígbà tí òtútù bá mú, tí ti funfun ti tán nílẹ̀.

Ẹ má sọ pé “óákù pọ̀ níbí” kí ẹ gba ibẹ̀ lọ. Kì í ṣe gbogbo igi ló ń so lọ́dún kan náà. Ẹyọ igi tó ń já lọ́sẹ̀ yìí ni ẹ ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ewé gbígbẹ tí wọ́n ti fi imú tú síwájú sẹ́yìn, èèpo èso tó fọ́ tí inú rẹ̀ kò tíì dúdú, àti ìgbẹ́ ẹran tó rí bí ẹ̀wà dúdú tó ń dán, tó tutù lọ́wọ́, ẹran ti débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Bí ìgbẹ́ bá ti gbẹ, tó ń fọ́ bí erùpẹ̀, ìròyìn àná ni.

Èso persimmon náà ń fà wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Ẹ má tọ́ ọ wò kó tó pọ́n o. Fífa tó ń fa ẹnu pọ̀, àgbálùmọ̀ àìpọ́n kò tó o. Ní ti àgbàdo tí àwọn kan ń dà sílẹ̀, òfin gbà á lórí ilẹ̀ aládàáni ní Georgia, kò gbà á ní WMA. Èmi kì í lò ó. Àgbà akọ kì í sábà dé ìdí àgbàdo kí ilẹ̀ tó ṣú.

Níbo ló ń sùn?

Àgbọ̀nrín ń jẹ àpọ̀jẹ bíi màlúù. Yóò sáré kó oúnjẹ sínú, yóò lọ sí ibi tó fọkàn balẹ̀ sí, yóò dùbúlẹ̀, yóò máa tún un jẹ. Ibẹ̀ ni ibùba rẹ̀. Ní agbègbè wa, ó lè jẹ́ inú páìnì kéékèèké tó dí pa, ibi tí wọ́n gé igi sí ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn tí ẹ̀gún ti gbà, tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè níbi tó sún mọ́ orí, kó lè gbọ́ òórùn ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó sì máa fojú wo iwájú.

Ibùsùn rẹ̀ máa ń rí bí ẹyin ńlá tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àárín ewé. Bó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó sún mọ́ra, ńlá àti kékeré, abo àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó gùn, tí igi tí wọ́n fi ìwo ha sì wà nítòsí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ akọ. Ẹ sàmì sí i, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ má sì tún tẹ ibẹ̀ mọ́ títí ọdẹ á fi parí.

Láti oṣù Kẹsàn-án ni akọ ti ń fi ìwo bó èèpo igi. Apá tó bó yẹn sábà máa ń kọjú sí ibi tó ti ń bọ̀. Bí igi bíi márùn-ún tí wọ́n bó bá tò tẹ̀ lé ara wọn, tí gbogbo wọn sì kọjú sí páìnì dídí, ẹ ti mọ ọ̀nà tó ń gbà jáde nírọ̀lẹ́. Nígbà tó bá di oṣù Kẹwàá, yóò tún máa fi pátákò ha ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka kan, yóò tọ̀ sí i, yóò fi ojú àti ẹnu ra ẹ̀ka náà. Ojú ìhalẹ̀ yìí ló ń dùn mọ́ ọdẹ tuntun jù, òun náà ló ń tàn án jù, torí pé òru ni akọ sábà ń bẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ ọ̀kan tó fẹ̀ bí àwo fífẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé iyán. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni mo rí.

Kámẹ́rà wúlò níbí. Ẹ so ó mọ́ ojú ọ̀nà, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán, kó má jẹ́ pé ojoojúmọ́ ni ẹ ń lọ wò ó bí ẹni ń wo ìkòkò lórí iná. Aago ara fọ́tò ṣe pàtàkì ju ìwo ara rẹ̀ lọ. Bí akọ bá ń kọjá ní aago méjì òru, ẹ ti jìnnà sí ibùba rẹ̀ jù. Ẹ sún mọ́ ọn ní yáàdì 100 tàbí 150, kí ẹ tún wò ó. Ìgbà tí fọ́tò bá fi í hàn nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́, ibẹ̀ ni.

Ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ?

Ohun tí ojú àgbọ̀nrín bá rí, ó lè dúró tún un wò. Tí òórùn èèyàn bá ti kàn án nímú, kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọṣẹ tí kò ní òórùn tí wọ́n ń tà dára, mo ń lò ó, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń ṣe.

Àwọn ọdẹ ilé máa ń bu erùpẹ̀ gbígbẹ dà sílẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ̀n òwú lèmi ń lò. Ẹ fà á wẹ́wẹ́ títí á fi fúyẹ́ bí òwú àràbà, ẹ jù ú sílẹ̀ láti òkè, ẹ tẹjú mọ́ ọn. Erùpẹ̀ á sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ lọ́dọ̀ yín. Òwú á sọ ohun tó ń ṣe ní ọgbọ̀n yáàdì sí yín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dán an wò, òwú náà gba ìlà-oòrùn lọ bí fóònù ṣe sọ. Ó dé etí kòtò odò, ó yí bìrí, ó sì rọra ń padà bọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo tú ègùn náà kúrò níbẹ̀.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mí. Bí oòrùn bá ti mú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè gbóná láàárọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gòkè. Nígbà tí ìrọ̀lẹ́ bá tutù, á máa ṣàn sísàlẹ̀ bí omi, á lọ kó jọ sínú àfonífojì. Nítorí náà, ẹ wà lókè ojú ọ̀nà ẹran láàárọ̀, kí ẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí oòrùn tó kan ilẹ̀ láàárọ̀, ó ṣì ń ṣàn sísàlẹ̀, wákàtí àkọ́kọ́ yẹn ló sì ń ba ọ̀pọ̀ ìjókòó jẹ́.

Ohun kan wà tí ó pẹ́ kó tó yé mi. Àgbà akọ kì í sábà fẹ́ rìn láìjẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i nímú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá dára fún yín pátá, ó burú fún un nìyẹn, ó sì lè má wá rárá. Ègùn tó dára jù ni èyí tí ẹran gbà pé afẹ́fẹ́ dára fún òun, tó sì jẹ́ pé ó ku díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ náà kàn yín. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ kọjá, kí òórùn yín máa dà sí ibi tí ẹran kì í gbà: odò ńlá, bèbè gègèrè, àárín pápá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ègùn kan, afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò bá bá a mu, ẹ lọ síbòmíràn tàbí kí ẹ sùn.

Ó wá kan igi

Ẹ wá igi tó wà láàyè, tó nípọn débi tí yóò fi bo ẹ̀yìn yín, ní nǹkan bí yáàdì 15 sí 25 sí ojú ọ̀nà bó bá jẹ́ ọrun àti ọfà lẹ ń lò. Ìbọn lè jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe orí ọ̀nà gan-an o, nítorí ẹran tó ń bọ̀ tààrà máa ń gbójú sókè wò yín. Ní ti gíga, ẹsẹ̀ bàtà 15 sí 20 sókè ti tó. Ẹni tó gun 30, igun tí ọfà rẹ̀ fi ń wọlé ti ga jù, ẹ̀dọ̀fóró kan ló sì sábà máa ń bà dípò méjì. Bí igi tó wọ́, tó ní ẹ̀ka púpọ̀, tó ṣì ní ewé ní oṣù Kọkànlá bá wà, ẹ mú un dípò èyí tó nà ṣanṣan. Ẹ má kọjú sí oòrùn àárọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ń pa ègùn púpọ̀ rẹ́: ọ̀nà wo ni ẹ ó gbà débẹ̀? Bí ẹ bá gba àárín ibi tí wọ́n ti ń jẹun kọjá nínú òkùnkùn ìdájí, ẹ ti lé wọn lọ kí ẹ tó gòkè. Láàárọ̀, ẹ gba ẹ̀yìn ibùba. Nírọ̀lẹ́, ẹ ro bí ẹ ó ṣe jáde nígbà tí wọ́n bá ti kún abẹ́ óákù. Inú odò ni mo máa ń gbà pẹ̀lú bàtà rọ́bà. Òórùn ẹsẹ̀ kì í dúró lórí omi, bèbè rẹ̀ sì ń bò mí. Ègùn tí kò ní ọ̀nà àbáwọlé, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí ẹsẹ̀ ẹran pọ̀ tó níbẹ̀.

Gígòkè

Ibí ni mi ò ti ń ṣàwàdà. Ẹ ti wọ hánẹ́ẹ̀sì tó di èjìká àti itan láti ilẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ okùn tó ti orí ègùn dé ìsàlẹ̀ kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílẹ̀. Ọwọ́ méjì àtẹsẹ̀ kan, tàbí ẹsẹ̀ méjì àtọwọ́ kan, gbọ́dọ̀ máa wà lára àkàbà nígbà gbogbo. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ fi okùn fà á gòkè lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó. Ẹ fi okùn kúkúrú kan sínú àpò, èyí tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, torí pé bí ẹ bá já tí hánẹ́ẹ̀sì gbé yín rọ̀, ẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ láìfẹsẹ̀ tẹ nǹkan kan. Ẹ̀jẹ̀ á há sí itan. Ẹ sọ igi tí ẹ wà gan-an fún ará ilé. Mo fi bẹ́líìtì ègùn kan sílẹ̀ lára igi láti ọdún kan dé èkejì. Nígbà tí mo padà dé, ọ̀kẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Láti ìgbà náà, oṣù Kìíní ni mo ń tú gbogbo wọn sílẹ̀.

Ìgbà tó yẹ ká jókòó

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí ègùn tuntun ló dára jù, torí pé ẹran kò tíì mọ̀. Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, wọ́n á ti yí ọ̀nà wọn padà. Ẹ ní ègùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ máa yí wọn ká. Ọ̀sán tí òtútù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn òjò, tí afẹ́fẹ́ yí sí ìwọ̀-oòrùn àríwá, mi ò lè jókòó sílé. Ní ti oṣù àrànmọ́jú tí àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí, àwọn onímọ̀ ti so GPS mọ́ ọrùn àgbọ̀nrín, wọn ò sì rí i pé oṣù ń darí ìrìn rẹ̀ tó bí a ṣe ń pariwo.

Ìbẹ̀rẹ̀ sí àárín oṣù Kọkànlá ni akọ ń lé abo ní agbègbè Oconee. Ẹ fi igi óákù sílẹ̀ nígbà náà, ẹ lọ sí ẹnu àrọ láàárín ibùba abo méjì, ẹ gbé oúnjẹ lọ, kí ẹ jókòó láti ìdájí dé ìrọ̀lẹ́. Aago mọ́kànlá ọ̀sán ni akọ tó dàgbà jù tí mo tíì rí kọjá, nígbà tí àwọn ọdẹ tó kù ti lọ jẹun. Òtútù á mú, ìdí á ro yín. Kò ṣàdédé ni wọ́n ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ.

Ègùn tí mo fẹ́ràn jù báyìí wà lára óákù wíwọ́ kan, ìrìn ogójì ìṣẹ́jú sí ibi tí mo ń gbé mọ́tò sí. Mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi. “Igi burúkú,” ni wọ́n kọ padà. Kò pẹ́, wọ́n tún kọ: “Afẹ́fẹ́ ńkọ́?” Mo ní ó ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sórí odò. Wọ́n bi mí ìgbà tí mo máa fi ẹran gbígbẹ ránṣẹ́.